Ṣé Yorùbá ni kí ẹgbẹ́ wa máa fi kọ́ èdè Gíríìkì, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Yábàá

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Àwa mẹ́jọ ni a máa ń pàdé ní Yábàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti kọ́ èdè Gíríìkì, èyí tí wọ́n ń sọ lónìí ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì àti ní Sáípírọ́ọ̀sì. A kò ní olùkọ́. Ìwé kan tí a jọ dá owó rà, àti ohùn àwọn onílé èdè tí a ń gbọ́ lórí fóònù, ni a gbára lé, ó sì ti tó oṣù márùn-ún tí a ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó gbé kálukú wá yàtọ̀ síra. Àwọn méjì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Gíríìsì ti ń gúnlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ lọ kàwé ní Sáípírọ́ọ̀sì. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn èdè, ìyẹn náà sì tó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ni ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Balógun, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Tẹsalóníkà, ó ti bímọ méjì sí ibẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gíríìkì. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ìyá méjèèjì máa ń rí ojú ara wọn lórí fóònù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á juwọ́ síra wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àlàyé inú ìwé wa, Gẹ̀ẹ́sì náà ni àwọn tí ó yá nínú wa fi ń tún un ṣàlàyé. Ní ọjọ́ kan, a dé ibi tí ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀ nípa σου àti σας, tí wọ́n ń pè ní “su” àti “sas”. Ó ju odidi ojú ìwé kan lọ tí òǹkọ̀wé fi ń ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí a lè lo ọ̀kan fún, ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ lò ó fún, àti bí a ṣe lè mọ̀ pé àkókò tó láti kúrò lórí èyí bọ́ sórí èyí. Ẹni tí ó ń kà á kà á délẹ̀. Ìyá Aláṣọ jókòó, ó ń fi ìka ká etí ìwé rẹ̀ sókè sódò. Nígbà tí mo wá sọ fún un pé “o” àti “ẹ” ni wọ́n ń wí, pé γεια σου ni a fi ń kí ọmọdé, tí γεια σας sì wà fún àgbà tàbí fún èrò púpọ̀, ó ní, “Ṣé ibi tí ẹ ti ń lọ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn?” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì tíì ṣì í lò láti ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, nítorí mo rí i pé ẹrù méjì ni a ń dì lé e lórí, ó ń kọ́ Gíríìkì, ó sì tún ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Mo dábàá pé kí a máa fi Yorùbá ṣe gbogbo àlàyé wa. Àwọn méjì kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti inú Yorùbá wọ Gíríìkì yóò fi ẹnu Yorùbá sọ ọ́ títí láé. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa, ibo ni Yorùbá ti ràn yín lọ́wọ́, ibo sì ni ó ti ṣì yín lọ́nà?

Olùkọ́ Yorùbá, Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ bí irú tiyín fún ọdún mẹ́ta. Èrò mi kò ṣe méjì: ẹ máa fi Yorùbá ṣàlàyé. Ibi tí ó ti lè ṣì yín lọ́nà wà, n óò sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ibi tí ó ti ń la ọ̀nà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń kọ ní να, tí wọ́n sì ń pè ní “na”. Ìwé yín yóò ti sọ pé Gíríìkì òde òní kò ní irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì ní, èyí tí kò ní olùwà, nítorí náà wọn kì í sọ “mo fẹ́ lọ” ní ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ń gbà sọ ọ́. Θέλω να φύγω ni wọ́n ń wí. Àwa ti ní “mo fẹ́ kí n lọ”. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni a fẹ́ kó lọ, θέλω να φύγεις, “mo fẹ́ kí o lọ”. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn lọ, θέλω να φύγουν, “mo fẹ́ kí wọ́n lọ”. Ibi tí “kí” bá ti jókòó sí nínú gbólóhùn tiwa ni να ti ń jókòó sí nínú tiwọn. Mo rí ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá ẹ̀kọ́ yìí wọ̀yá ìjà nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì yé e ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ tí a fi “kí” hàn án.

“Máa” tiwa náà ń ṣiṣẹ́ ńlá. Èdè Gíríìkì kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣeré: wọ́n ń bèèrè bóyá ohun tí a ń sọ jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó parí, tàbí ohun tí ó ń lọ bẹ́ẹ̀ tí a kò wo òpin rẹ̀. Θα γράψω ni “n óò kọ ọ́”, lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tán. Θα γράφω ni “n óò máa kọ ọ́”. Ní ti àná, έγραψα ni “mo kọ ọ́”, έγραφα sì ni “mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́”. Θα yìí kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń wà gẹ́gẹ́ bí “yóò”. Ọmọ Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí láti inú oyún wá. Kò sí ìdí tí a ó fi kọ́kọ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà wá bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù lọ ni ìkíni. Bí ènìyàn bá wọlé, wọ́n á ní Καλώς ήρθατε, “ẹ káàbọ̀”, ẹni tí ó wọlé kò sì ní dákẹ́. Καλώς σας βρήκαμε ni yóò fi dáhùn, pé àwọn bá wọn ní àlàáfíà. Èwo nìyẹn bí kì í bá ṣe “ẹ kú ilé”? Ní ọjọ́ kìíní oṣù, Καλό μήνα ni wọ́n ń sọ fún ara wọn, bí a ṣe ń sọ “ẹ kú oṣù tuntun”. Ẹni tí ó wọ aṣọ tuntun tàbí tí ó gẹ irun, Με γεια ni wọ́n ń sọ fún un, kí ó lò ó pẹ̀lú ìlera. Ẹ kọ́ Ìyá Aláṣọ ní èyí láìpẹ́, nítorí ọjà rẹ̀ gan-an ni. Ẹ sì tún kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní rárá: συμπεθέρα. Ìyá ẹni tí ó fẹ́ ọmọ ẹni ni συμπεθέρα, àna tí kì í ṣe ọkọ tàbí aya ọmọ ẹni. Gẹ̀ẹ́sì yóò lo gbólóhùn gígùn kí ó tó sọ ìyẹn, àwa ní “àna”, àwọn náà sì ní tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kìlọ̀ fún un, pé ní Gíríìsì, ọmọ a máa pe ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ ní εσύ, ìyẹn “ìwọ”, láìsí àfojúdi níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá pè é bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti ibi tí Yorùbá ti ń ṣì wá lọ́nà, ẹ kọ́kọ́ wo àmì orí fáwẹ̀lì. Láti ọdún 1982 ni ìjọba Gíríìsì ti fi àmì kan ṣoṣo rọ́pò àwọn àmì púpọ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àmì náà sì jọ àmì ohùn òkè tiwa. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì ń kà á bí ohùn òkè. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ́ kò ní fojú kéré àmì, ìyẹn sì dára, nítorí πότε, tí a tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni “nígbà wo”, nígbà tí ποτέ, tí a tẹ ìparí rẹ̀, jẹ́ “láéláé”. Νόμος ni òfin, νομός sì ni ẹkùn ìjọba. Ṣùgbọ́n ohùn kọ́ ni àmì náà. Sílébù tí ó bá wà lórí rẹ̀ ni a ń fi agbára pè, tí a sì ń fà díẹ̀, àwọn sílébù yòókù kò sì ní ohùn tiwọn tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́. Bí a bá fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, yóò dà bí ẹni pé à ń ka ewì sí wọn létí.

Èkejì ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, èyí sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí “s”, nítorí náà a máa ń gé e kúrò tàbí kí a fi “i” tì í lẹ́yìn. Nínú èdè tiwa, ipò ni ó ń fi olùwà hàn: “ọmọ rí bàbá” kò lè túmọ̀ sí pé bàbá ni ó rí ọmọ. Nínú Gíríìkì, ìparí ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ο πατέρας ni bàbá tí ó ṣe nǹkan. Τον πατέρα ni bàbá tí a ṣe nǹkan sí. Ẹni tí ó bá gé “s” yẹn kúrò kò ba ìpè nìkan jẹ́, ó ti yọ olùwà kúrò lórí àga. Mo máa ń bẹ àwọn tiwa pé kí wọ́n di “s” náà mú títí èémí wọn yóò fi gbọ́ ara rẹ̀. Bákan náà ni ψάρι, ẹja, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní “písárì”. Ẹ pa ètè pọ̀, kí ẹ tú u sínú “s” láìjẹ́ kí fáwẹ̀lì kankan wọ àárín wọn.

Akọ àti abo kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan nínú Yorùbá, torí “ó” kan náà ni a ń lò fún gbogbo ẹ̀dá. Ọ̀nà ni akọ, ο δρόμος. Àga ni abo, η καρέκλα. Ọmọdébìnrin kò sí ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, το κορίτσι. Ẹ má wá ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ο, η tàbí το tirẹ̀ lọ́wọ́ wọlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Òṣìṣẹ́ Èbúté, Àpápá

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá olùkọ́ sọ, ìró lẹ́tà ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ dá èmi dúró. Gbogbo wa ni a mọ Leventis, ibùdókọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní Marina, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè é lójoojúmọ́, “Lẹ́fẹ́ńtì” sì ni ọ̀pọ̀ ẹnu ń pè é. Orúkọ ọmọ Sáípírọ́ọ̀sì tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, A. G. Leventis. Nínú èdè wọn, λεβέντης ni ọkùnrin tí ó dúró ṣánṣán, tí ó ní ìgboyà, tí ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra. Lẹ́tà kẹta inú rẹ̀, β, ni kí ẹ wò. Kì í ṣe “b”. Eyín òkè ni a fi ń kan ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe “f”, kí ọ̀fun sì dún sí i.

Ẹ ó wá bèèrè pé kí ni wọ́n fi ń kọ “b”. Lẹ́tà méjì ni, μπ. “D” náà gba méjì, ντ, “g” sì gba γκ. Ibi tí èyí ti yé mi ni orúkọ Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) tí a bí ní Áténì ní ọdún 1994, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà Gíríìkì, ó di Αντετοκούνμπο, níbi tí ντ ti dúró fún “d”, tí ου dúró fún “u”, tí μπ sì dúró fún “b”. Nígbà tí wọ́n tún kó àwọn lẹ́tà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan padà sí ti òyìnbó, ó di ohun tí gbogbo ayé ń kà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Àwọn ará Gíríìsì kò ba orúkọ náà jẹ́ o. Bí ẹ bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, Adetokunbo ni ẹ ó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ orúkọ ara rẹ̀. Bọ́lá yóò di Μπόλα, Dáyọ̀ yóò di Ντάγιο. Ẹ ó rí ibi tí yóò ti nira: wọn kò ní “gb”, wọn kò ní “ṣ”, e àti ẹ sì jẹ́ ọ̀kan náà lójú wọn. Àwa ṣe é ní èbúté, a fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó tún ṣi μπ kà lẹ́yìn rẹ̀.

Katikíìsì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè bá yín lé Gẹ̀ẹ́sì jáde pátápátá. N kò tíì rí ìwé atúmọ̀-èdè tí ó ti Gíríìkì wá sí Yorùbá, ti Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí mo lè gbà ni pé kí ẹnì kan máa wo ti Gẹ̀ẹ́sì nílé, kí ó sì mú Yorùbá rẹ̀ wá sí ìpàdé, nínú ìwé kan tí ẹgbẹ́ yóò jọ ní: Gíríìkì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu onílé èdè. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ẹni tí ó ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní di ẹrù ẹnì kan.

Èmi ti inú Májẹ̀mú Tuntun wọlé ni. Ní ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́, ìpè tí ọ̀mọ̀wé Erasmus ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1528 ni wọ́n fi kọ́ wa, nínú èyí tí β jẹ́ “b”, tí η sì jọ “ẹ”. Kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Áténì lónìí. Lẹ́nu wọn, η, ι, υ, ει àti οι ti di “i” kan náà. Ó pẹ́ kí n tó tún ẹnu ṣe, ó sì dùn mí díẹ̀, nítorí ìpè ti àkọ́kọ́ ni mo fi ka ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Bí ẹni tí ó ti ọ̀nà ìjọ wá bá wà láàárín yín, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ó ti ní λόγος (ọ̀rọ̀), άγγελος (áńgẹ́lì) àti εκκλησία (ìjọ) lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé ìwé tí wọ́n ń pè ní βιβλίο ni a ti rí Bíbélì. Ìpè nìkan ni kí ẹ bá a tún ṣe. Nítorí pé “i” kan ní ọ̀nà púpọ̀ tí a ń gbà kọ ọ́, ẹ máa ṣe àpèkọ ní gbogbo ìpàdé, ìlà mẹ́ta péré.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àlòkù pẹ̀lú. Ọdún 1976 ni èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ilé àti ní ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò èdè ìjọba lọ́wọ́ èdè àkọsílẹ̀ alárà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Katharevousa. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lè kọ́ yín ní ohun tí Ìyá Aláṣọ kò ní gbọ́ lẹ́nu àna rẹ̀ láé.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ kàwé, ìwé ẹ̀rí wà tí ilé ẹ̀kọ́ èdè Gíríìkì tí ó wà ní Tẹsalóníkà ń fúnni, láti ìpele A1, ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí dé C2, tí ó ga jù lọ. Gíríìkì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni yóò gbà á là.

Ẹni tí ó gbé Sáípírọ́ọ̀sì rí, Ìkẹjà

Àfikún kékeré fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kí ó wádìí apá ibi tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà kí ó tó san owó kankan. Láti ọdún 1974 ni erékùṣù náà ti pín sí méjì. Èdè Tọ́kì ni wọ́n ń sọ ní àríwá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń kàwé. Ní gúúsù, Gíríìkì ni, ṣùgbọ́n tiwọn ní ẹ̀ka tirẹ̀. Και, tí ó túmọ̀ sí “àti”, a máa di τζαι lẹ́nu wọn, ìró “ṣ” tí àwọn ará Áténì kò ní sì wà níbẹ̀. Ẹnu Yorùbá kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Yábàá

Ẹ ṣeun gan-an. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé olójú méjì tí Katikíìsì dábàá, àwọn méjì tí kò fara mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì kọ ojú ewé àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, òjò rọ̀, iná lọ, a fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kọ́ συμπεθέρα. Ìyá Aláṣọ gbé ahọ́n sáàárín eyín fún θ náà bí ìgbà ogún, títí ó fi dún bí ó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú, kí òdìkejì tó juwọ́, ó ní, “Καλημέρα, συμπεθέρα. Τι κάνετε;”, ìyẹn “Ẹ káàárọ̀, àna. Ṣé dáadáa ni ẹ wà?” Ọmọ rẹ̀ sọ pé ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, kí ó tó dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ gùn, ọmọ sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wa. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, a kò mú ju ìparí rẹ̀ lọ: “Να είστε καλά, συμπεθέρα μου.” Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé, Ìyá Aláṣọ gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Na yẹn, kí ni. Kí ẹ wà dáadáa ni ó ń wí. Ó ń ṣàdúrà fún mi.”

Ó fẹ́ mọ ohun tí a fi ń dáhùn rẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú tó tún pé. Ṣé àmín ni?

Olùkọ́ Yorùbá, Súrùlérè

Κι εσείς, “ẹ̀yin náà”. Kí ó di “s” ìparí rẹ̀ mú.